Bainọ́kúlà 8×42 fún igbó ilẹ̀ wa: ìmọ́lẹ̀ ni kí ẹ rà

Nọ́ńbà ńlá ni wọ́n fi ń ta bainọ́kúlà fún wa. Ẹ bèèrè rẹ̀ ní ìsọ̀ èyíkéyìí ní Abẹ́òkúta, èyí tí wọ́n kọ 20×50 sí lára ni wọn á kọ́kọ́ gbé jáde. Bí ẹ bá jọ ẹni tó lówó lọ́wọ́, wọn á fa èyí tí wọ́n kọ 60×60 sí yọ látinú páálí. Ẹni tó bá fẹ́ fi wo ẹyẹ àti ọ̀bọ nínú igbó ọba Omo, nínú igbó IITA, ilé ìwádìí iṣẹ́ àgbẹ̀ n'Íbàdàn, tàbí nínú igbó Okomu ní Ẹdó, èyí tí ọlọ́jà tì sẹ́yìn ni kó mú: 8×42. Ìdí rẹ̀ kò le. Igbó wa ṣókùnkùn. Ohun tí a ń wá níbẹ̀ kì í sábà jìnnà sí wa, òkùnkùn àti ewé ló gbé e pamọ́.

Nínú igbó tí igi rẹ̀ ga tó mítà 30 sí 40, tí orí wọn so kọ́ra, ìmọ́lẹ̀ oòrùn tó ń dé ilẹ̀ kì í ju nǹkan bí ìdá 1 tàbí 2 nínú 100 lọ. Ọ̀sán gangan lókè, ìrọ̀lẹ́ nísàlẹ̀. Nọ́ńbà àkọ́kọ́ lára bainọ́kúlà, 8, ni iye ìlọ́po tó fi ń fa nǹkan sún mọ́ yín. Èkejì, 42, ni ìbú dígí iwájú ní mìlímítà, ibẹ̀ sì ni ìmọ́lẹ̀ ń gbà wọlé. Ẹ fi ti àkọ́kọ́ pín ti èkejì, ẹ óò mọ bí òbìrí ìmọ́lẹ̀ tó ń jáde sójú yín ṣe tóbi tó. 42 tí a fi 8 pín jẹ́ 5.25. Ti 10×42 jẹ́ 4.2. Ti 8×25 kékeré tó ń wọ àpò ṣòkòtò jẹ́ 3.1. Ti 20×50 tí wọ́n ń pọ́n yẹn, 2.5 péré ni. Nínú oòrùn, ọmọlójú èèyàn kì í là ju mìlímítà 2 sí 3 lọ, nítorí náà tí ẹ bá dúró lórí Olúmọ lọ́sàn-án, gbogbo wọn á mọ́lẹ̀ bákan náà lójú yín. Ohun tó ń tan oníbàárà jẹ nìyẹn, torí iwájú ìsọ̀, lábẹ́ oòrùn, ni gbogbo wa ti ń dán an wò. Ẹ wọ abẹ́ igi ní aago mẹ́fà ààbọ̀ àárọ̀, kí ọmọlójú yín là tó 5, 20×50 á wá dà bí ìgbà tí èèyàn ń yọjú nínú ihò kọ́kọ́rọ́.

Ọwọ́ èèyàn kì í dúró jẹ́ẹ́. Ìlọ́po tí bainọ́kúlà fi ń fa ẹyẹ sún mọ́ni náà ló fi ń sọ gbígbọ̀n ọwọ́ di ńlá. Ní 8×, ojú ṣì ń gbà á. Ní 10×, ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gun òkè tó ń mí hẹlẹhẹlẹ á ti máa rí i tí ẹyẹ ń jó. Ní 20×, àfi kí ẹ gbé e ka orí irin ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta, ta ni yóò sì máa gbé ìyẹn kiri láàárín ìtàkùn? Ẹ wo afárá orí igi tó wà ní Lekki l'Ékòó, mítà 401, tí wọ́n ṣí ní 2015. Afárá náà fúnra rẹ̀ ń mì bí èèyàn ṣe ń kọjá lórí rẹ̀. Ẹni tó bá gbé 10× débẹ̀ á kàn máa wo ewé tó ń sáré kọjá ni.

Ìlọ́po ńlá tún máa ń sọ fèrèsé, ìyẹn àyè tí ojú ń rí lẹ́ẹ̀kan náà, di tóóró. Wọ́n sábà máa ń kọ ìbú fèrèsé yìí sára bainọ́kúlà, lẹ́bàá dígí ojú. 126m/1000m, fún àpẹẹrẹ, túmọ̀ sí pé ohun tí ojú yín máa kó lẹ́ẹ̀kan náà ní mítà 1000 fẹ̀ tó mítà 126. Igbó kì í fún ẹnikẹ́ni ní mítà 1000. Ẹ mú un wá sí mítà 30, tó jẹ́ ibi tí ọ̀bọ lè wà lórí igi, ó di mítà 3.8. Ẹ̀ka tí ọ̀bọ náà jókòó sí àti èyí tó máa fò sí ti wọnú fèrèsé yẹn. Ọ̀pọ̀ 20×50 kì í kọjá mítà 60 ní 1000, ìyẹn mítà 1.8 ní mítà 30. Ọ̀bọ á ti fò lọ, ẹ óò ṣì máa wá ẹ̀ka tó fi sílẹ̀. Òṣùwọ̀n tí mo fi ń yan ti igbó ni pé kó má dín sí mítà 115 ní 1000.

Tí ẹ bá ń fẹ́ orúkọ kan tí ẹ lè fi díwọ̀n àwọn yòókù, Nikon Prostaff P3 8×42 bá ohun tí mo ń sọ mu, owó rẹ̀ kò sì súnmọ́ ti àwọn tó ń ti Jámánì àti Austria wá. Ó wọn gíráàmù 565, mítà 126 ni fèrèsé rẹ̀, omi kì í wọ̀ ọ́. Ẹni tó ń lo awò ojú lè fi wò láì yọ awò, torí dígí rẹ̀ gba ojú láyè láti jìnnà sí i tó mìlímítà 20. Tí àyè yẹn bá dín sí 15 lára èyíkéyìí tí ẹ bá fẹ́ rà, kí aláwò ojú má rà á, àárín fèrèsé nìkan ló máa rí. Ibi tí P3 yìí kù sí ni ohun tó bá sún mọ́ni jù, torí mítà 3 ló ti ń bẹ̀rẹ̀ sí í ríran. Labalábá tó bà lẹ́bàá bàtà yín, ẹ óò ní láti sún sẹ́yìn kí ẹ tó rí i kedere. Ẹni tí labalábá wà lọ́kàn rẹ̀ kó wá èyí tó bẹ̀rẹ̀ ní mítà 2.

Ẹ ka ọ̀rọ̀ ara páálí dáadáa. Dígí tí wọn kò kun nǹkan sí ń dá nǹkan bí ìdá 4 nínú 100 ìmọ́lẹ̀ padà ní ojú rẹ̀ kọ̀ọ̀kan, ojú dígí tó wà nínú bainọ́kúlà kan sì lé ní 10. Ká ní wọ́n jẹ́ 12, tí wọn kò kun ìkankan, ìdá 61 nínú 100 ni yóò dé ojú yín. Ìyókù á ṣòfò sínú agolo. "Fully multi-coated" ni ẹ ń wá, ìyẹn ni pé wọ́n kun gbogbo ojú dígí, wọ́n sì kun ún lákùntúnkùn. "Coated" lásán lè jẹ́ ojú kan ṣoṣo.

Ẹ sá fún èyí tí dígí iwájú rẹ̀ ń dán pupa bí iná ẹ̀yìn mọ́tò. Ó rẹwà lójú, ọ̀pọ̀ èèyàn ló sì rò pé òun ló lágbára jù. Àmọ́ pupa tí ẹ rí níta yẹn, pupa tó yẹ kó wọlé ni. Ó ti dá a padà. Ohun tó kù tó dé ojú yín á fara jọ àwọ̀ ewé tó ṣá. Agbe ló laró, àlùkò ló losùn, lékeléke ló lẹfun: ẹ gbé dígí pupa yìí kọjú sí àlùkò, osùn rẹ̀ á di eérú.

Ibi tí ọ̀rọ̀ àwọ̀ yìí ti dun èèyàn jù ni igbó IITA n'Íbàdàn, tó tó nǹkan bí hẹ́kítà 350. Ẹyẹ kan wà níbẹ̀, ẹbí ẹ̀gà ni, Ibadan malimbe ni wọ́n ń pè é. Ẹkùn Gúúsù Ìwọ̀ Oòrùn Nàìjíríà yìí nìkan ló ń gbé ní gbogbo ayé, ó sì wà lára àwọn ẹyẹ tó ń kú tán lọ. Akọ rẹ̀ dúdú, orí rẹ̀ pupa, ojú rẹ̀ dúdú bí ẹni tó bojú, pupa orí náà sì ṣàn wá sí ọ̀fun títí dé òkè àyà. Ìbátan rẹ̀ tí wọ́n ń pè ní red-headed malimbe náà dúdú, ó sì ní pupa lórí, ṣùgbọ́n ti àtàrí àti ẹ̀yìn ọrùn ni; ọ̀fun tirẹ̀ dúdú. Ọ̀fun yẹn ló máa sọ èyí tí ẹ rí. Òkè ló sì ń jẹ̀ sí, ojú ọ̀run funfun wà lẹ́yìn rẹ̀, ẹ̀yin wà nísàlẹ̀ nínú òkùnkùn. Bainọ́kúlà tí kò bá mú pupa dáadáa kò ní sọ ohunkóhun fún yín ju pé ẹyẹ dúdú kan kọjá.

Tí ẹ bá dé ìsọ̀, ẹ má jẹ́ kí wọ́n kán yín lójú. Ẹ kọ́kọ́ mì ín lẹ́bàá etí. Tó bá ń dún kẹ́kẹ́, prísímù inú rẹ̀, dígí onígun tó ń darí ìmọ́lẹ̀, ti tú, ẹ gbé e padà fún wọn. Lẹ́yìn náà, ẹ nà án síwájú ní gígùn apá, ẹ kọjú rẹ̀ sí ojú ọ̀run tó mọ́lẹ̀, kì í ṣe oòrùn, láéláé. Ẹ óò rí òbìrí ìmọ́lẹ̀ méjì lójú dígí. Kí wọ́n rí róbótó, kí etí wọn mọ́. Tí etí bá ní igun, tí eérú bá bò ó lẹ́gbẹ̀ẹ́, prísímù olówó pọ́ọ́kú ló wà níbẹ̀, bí wọ́n tilẹ̀ kọ "BAK4", orúkọ dígí prísímù tó dára, gàdàgbà sára rẹ̀.

Ohun tó ń fa orí fífọ́ fún àwọn tó ra ayédèrú ni pé ojú méjèèjì kò kọ síbì kan náà. Abẹ́òkúta kún fún ohun tí ẹ lè fi yẹ èyí wò: òrùlé páànù. Ẹ mú òrùlé kan tó jìnnà tó ọgọ́rùn-ún mítà, ẹ wo ṣóńṣó rẹ̀, kí ẹ wá máa fà bainọ́kúlà náà sẹ́yìn kúrò lójú díẹ̀díẹ̀ láì pa ojú dé. Àwòrán á pín sí méjì. Tí ṣóńṣó òrùlé ọ̀tún àti ti òsì bá wà lórí ìlà kan, ó dára. Tí ọ̀kan bá ga ju èkejì lọ, ojú yín ló máa máa tún un ṣe fúnra rẹ̀ ní gbogbo ìgbà tí ẹ bá ń wò, kí ilẹ̀ tó ṣú ojú á ti rẹ̀, orí á ti máa fọ́. Èyí kì í ṣe ohun tí ẹnì kan lè tún ṣe nílé.

Fún bí ó ṣe mú kedere tó, ẹ gbé àdìrẹ lọ́wọ́. Mo sọ ọ́ tọkàntọkàn. Kò sí ohun tó dára tó àdìrẹ ẹlẹ́kọ láti fi dán dígí wò, ọjà Ìtòkú kò sì jìnnà. Ẹ fi kọ́ ara ògiri, ẹ dúró ní mítà 15, kí ẹ wo ilà funfun tẹ́ẹ́rẹ́ tí ẹ̀kọ fi sílẹ̀ láàárín aró. Dígí tó dára á fi ilà náà hàn ní funfun gbáláú, etí rẹ̀ á gé ṣáṣá. Tí ẹ bá rí elésè àlùkò tàbí àwọ̀ ewé tó yí etí ilà náà ká, bẹ́ẹ̀ náà ni ẹ̀ka igi tó wà lójú ọ̀run ṣe máa rí nínú igbó, kàkà kó dín, ṣe ni yóò pọ̀ sí i. Kí ẹ tún wo àwọn ilà tó wà létí fèrèsé. Gbogbo bainọ́kúlà ló ń ríran díẹ̀ sí i ní àárín ju etí lọ, ṣùgbọ́n tó bá jẹ́ pé ìlàjì fèrèsé ló ṣú, owó fèrèsé kékeré ni kí ẹ san.

Èyí tí wọ́n ní kò nílò yíyí, tó máa ń ríran fúnra rẹ̀, ẹ má rà á. Ohun tó jìnnà nìkan ló mọ̀. Èyí tí ìlọ́po rẹ̀ ń yí láti 8 sí 24 náà, ẹ fi í sílẹ̀. Ohun tó ń yí nínú rẹ̀ pọ̀ jù, ojú méjèèjì rẹ̀ kì í pẹ́ ṣì ara wọn.

Ọ̀pọ̀ bainọ́kúlà dáadáa ló wà lọ́wọ́ àwọn tó ń sọ pé kò ríran, nítorí pé wọn kò tò ó mọ́ ojú ara wọn. Ẹ ká a títí òbìrí méjèèjì á fi di ọ̀kan. Ẹni tí kò lo awò ojú á fa rọ́bà ojú rẹ̀ jáde. Aláwò á tẹ̀ ẹ́ wọlé. Ẹ mú ohun kan tí kò ní rìn, bí àkọlé ìsọ̀ ní mítà 30. Ẹ fi ọwọ́ bo dígí iwájú ti ọ̀tún, kí ẹ fi ojú òsì wò ó, kí ẹ yí kẹ̀kẹ́ àárín títí tí yóò fi mọ́ kedere. Ẹ wá bo ti òsì. Ẹ má fọwọ́ kan kẹ̀kẹ́ àárín mọ́. Òrùka tó wà lára dígí ojú ọ̀tún ni kí ẹ yí báyìí, títí ti ọ̀tún náà á fi mọ́. Ẹ wo àmì tí òrùka náà dúró sí, kí ẹ rántí rẹ̀, torí àpò á máa yí i kúrò. Láti ìgbà náà lọ, kẹ̀kẹ́ àárín nìkan ni iṣẹ́ yín.

Nínú igbó, ẹ má kọ́kọ́ gbé bainọ́kúlà sójú kí ẹ tó máa wá ẹyẹ kiri. Ẹ fi ojú lásán mú ẹyẹ náà, ẹ má mú ojú kúrò lára rẹ̀, kí ẹ wá gbé bainọ́kúlà bọ́ sáàárín ojú àti ẹyẹ. Ẹ fi ilé ṣe ìdánrawò. Àwọn ẹ̀gà tó ń hunlé sórí ọ̀pẹ, àwọn lékeléke etí odò Ògùn, wọ́n tó ọ̀sẹ̀ méjì. Láàárọ̀ kùtù títí di bí aago mẹ́sàn-án ààbọ̀ ni ẹyẹ ń jẹ̀ jù. Lẹ́yìn náà, àfi aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́.

Igbó ọba Omo ló sún mọ́ wa jù nínú àwọn igbó ńlá, ẹ óò gba Ṣágámù àti Ìjẹ̀bú-Òde sójú ọ̀nà Benin. Ó lé ní hẹ́kítà 130,000, UNESCO sì ti kà á mọ́ àwọn igbó tó ń tọ́jú pẹ̀lú àwọn orílẹ̀-èdè láti 1977. Ṣùgbọ́n ibi púpọ̀ níbẹ̀ ti di oko igi gmelina tí wọ́n gbìn àti oko kòkó, ẹni tó bá sì dúró sínú gmelina pẹ̀lú bainọ́kúlà tó dára jù láyé, ẹyẹ díẹ̀ ló máa rí. Ẹ gba àṣẹ, ẹ mú ẹ̀ṣọ́ igbó dání, kí ẹ sọ fún un pé ibi tí igi àtilẹ̀wá ṣì wà ni ẹ ń lọ. Erin igbó wà níbẹ̀. Ó kéré ju erin ọ̀dàn lọ, etí rẹ̀ rí róbótó, eyín rẹ̀ tọ́ sísàlẹ̀. Tí ẹ bá gbọ́ tí ẹ̀ka ń já, ẹ sọ bainọ́kúlà kalẹ̀. Fèrèsé mítà mẹ́rin kò ní fi erin kejì tó wà ní ẹ̀gbẹ́ yín hàn yín. Ohun tí ẹ̀ṣọ́ bá ní kí ẹ ṣe ni kí ẹ ṣe.

Ọ̀rọ̀ ìtọ́jú ni mo fẹ́ kí ẹ fi ọkàn sí jù, torí ojú ọjọ́ wa ń pa bainọ́kúlà ju kí ó jábọ́ lọ. Bí búrẹ́dì ṣe ń bu nínú ọ̀rá, bẹ́ẹ̀ ni dígí ń bu. Ẹ tan tọ́ọ̀ṣì sí i láti iwájú: tí ẹ bá rí fọ́nrán wínníwínní tó tàn bí òwú aláǹtakùn, ó ti bẹ̀rẹ̀, ó sì máa jẹ kíkùn ojú dígí náà títí. Èyí ló fi yẹ kí ẹ ra èyí tí wọ́n dí pa, tí wọ́n fi afẹ́fẹ́ nitrogen kún inú rẹ̀, kí ọ̀rinrin má bàa ráyè. Síbẹ̀, ìta rẹ̀ náà ń bu. Àpò aláwọ tó bá a wá ni ibi tó burú jù láti tọ́jú rẹ̀ sí lásìkò òjò. Ike onídèérí tó dé pinpin ni kí ẹ lò, pẹ̀lú silica gel, kóró tó ń fa ọ̀rinrin, tó tó ẹ̀kún ọwọ́ kan. Ẹ ra èyí tó ń yí àwọ̀ padà. Tí àwọ̀ rẹ̀ bá ti yí, ẹ dà á sínú páànù gbígbẹ lórí iná jẹ́jẹ́ títí tí yóò fi padà sí àwọ̀ àkọ́kọ́. Ìrẹsì tí àwọn kan ń lò kò fa omi tó, ìyẹ̀fun rẹ̀ sì ń wọ ẹnu kẹ̀kẹ́.

Ìpara ẹ̀fọn tó ní DEET ń yọ́ rọ́bà àti ike. Tí ẹ bá fi pa ọwọ́, ẹ nu àtẹ́lẹwọ́ gbẹ kí ẹ tó fọwọ́ kan bainọ́kúlà, àìjẹ́bẹ́ẹ̀ ara rẹ̀ á máa lẹ̀ mọ́ yín lọ́wọ́ láàárín oṣù díẹ̀. Ẹ má fi í sílẹ̀ nínú mọ́tò tó wà lóòrùn. Tí ẹ bá sì ti inú mọ́tò oní-éésì bọ́ sínú igbó, ẹ jẹ́ kó wà nínú àpò fún bí ogún ìṣẹ́jú kí ìrì má bàa bò ó.

Lásìkò ọyẹ́, eruku tó ń bà lé dígí, iyanrìn ni, ó sì le ju kíkùn ojú dígí lọ. Ẹni tó fi etí aṣọ nù ún ti fi iyanrìn ha á. Fífẹ́ ni àkọ́kọ́, pẹ̀lú rọ́bà tí wọ́n ń fún kó fẹ́ atẹ́gùn, kì í ṣe ẹnu, torí itọ́. Búrọ́ọ̀ṣì múlọ́múlọ́ tẹ̀ lé e. Lẹ́yìn náà ni ẹ óò mí èémí díẹ̀ sí i, kí ẹ fi aṣọ awò ojú tó mọ́ nù ún láti àárín bọ̀ sétí, wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́. Ọṣẹ kò sí níbẹ̀.

Àwọn tí 10×42 yẹ wà. Ní Old Oyo National Park, tó fẹ̀ tó kìlómítà 2,512 níbùú lóròó, ọ̀dàn ni. Ìmọ́lẹ̀ pọ̀, ẹfọ̀n tàbí àgbọ̀nrín sì lè wà ní irínwó mítà. Ní Afi Mountain Wildlife Sanctuary ní Cross River, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 2000, èèyàn lè jókòó sí ẹ̀gbẹ́ òkè kan kó máa wo òkè tó dojú kọ ọ́, 10× sì wúlò fún irú ìjókòó bẹ́ẹ̀, bí kò tilẹ̀ yẹ kí ẹnikẹ́ni lọ pẹ̀lú ìrètí àtirí ìnàkí ńlá ibẹ̀. Gbogbo irú rẹ̀ tó kù ní Nàìjíríà àti Cameroon kò tó 300. Fún ọmọdé àti ẹni tí ọrùn ń dùn, 8×32 fúyẹ́, òbìrí 4 tó ní sì ṣì ń bá abẹ́ igi jà lẹ́yìn aago méje àárọ̀. Tí owó yín kò bá sì tíì ká 8×42 tuntun, ẹ wá àlòkù dáadáa, kí ẹ fi tọ́ọ̀ṣì, òrùlé páànù àti àdìrẹ yẹ̀ ẹ́ wò kí owó tó kúrò lọ́wọ́.